Ilẹ̀kùn Tí Fóònù Ní Ó Ṣí Sílẹ̀

Ṣíọ̀! Bí ẹ bá fẹ́ bí mi nínú láàárọ̀ kùtùkùtù, ẹ kàn sọ fún mi pé "ça va", "dáadáa ni" ti àwọn tó ń sọ Faransé. Ọ̀rọ̀ yẹn ti sú mi dé eegun. Ní Lomé níbí, ẹni tí omi kó ẹrù rẹ̀ lọ lánàá, ça va. Ẹni tí ìyàwó rẹ̀ kó jáde, ça va. Ẹni tó ń wúkọ́ títí ojú rẹ̀ fi pọ́n, bí ẹ bá kí i, á fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu, á ní ça va, ìwọ náà ńkọ́? Èmi náà á ní ça va. Irọ́ méjì pàdé lọ́nà, wọ́n kí ara wọn, kálukú bá tirẹ̀ lọ.

Kí n má parọ́, àwa náà ń ṣe é nílé. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí mi sí, kò sí ọmọ ibẹ̀ tí kò mọ "a dúpẹ́" sọ. Ṣùgbọ́n nílé, bí o bá ní "a dúpẹ́" tí ojú rẹ ò jọ ojú ẹni tó ń dúpẹ́, ẹnìkan á fà ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á ní, "Wò mí dáadáa, kí ló dé?" Ẹni tó máa fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan yẹn ni mi ò rí ní Lomé.

Bí mo ṣe débẹ̀ ò ní ìtàn nínú. Mo wọ ọkọ̀, mo sọ̀ kalẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ gbá mi létí ni pé orúkọ mi parẹ́. Ní Totsi tí mo gba yàrá sí, Anago ni gbogbo ilé ń pè mí, bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo àwa tá a ń sọ Yorùbá tá a ti Nàìjíríà wá. Anago, bonjour. Anago, o gbàgbé aṣọ rẹ lórí okùn. Wọ́n ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Àwọn yìí ò wo ilé kankan, ẹnu mi nìkan ni wọ́n gbọ́. Níbẹ̀rẹ̀, mo máa ń tún un ṣe fún wọn, màá máa gé orúkọ mi wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ fún wọn bí olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á gbà, wọ́n á ní, "D'accord, Anago." Nígbà tó yá, mo fi sílẹ̀ fún Ọlọ́run.

Èkejì ni ẹnu mi. Rédíò ni wọ́n ń pè mí nílé. Ní Lomé, mo di odi. Faransé tí mo kọ́ nílé ìwé kò ju kí n sọ pé ológbò wà lórí tábìlì lọ. Mina tí gbogbo ọjà ń sọ, mi ò gbọ́ ẹyọ kan níbẹ̀. Ìka ni mò ń nà sí tòmátì. Bí mo bá gbìyànjú Mina pẹ́nrẹ́n, obìnrin tó ń tà á á pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, á ní kí n tún un sọ kí àwọn náà lè gbádùn. Màá ra tòmátì náà, nígbà tí mo bá délé, màá rí i pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti rà.

Gbólóhùn Mina kan ṣoṣo ló wọ̀ mí lára, òun náà kì í ṣe pé mo kọ́ ọ. Ìyàwó onílé wa ní ewúrẹ́ olè kan tó máa ń wọ ilé ìdáná. Láti àárọ̀ dalẹ́ ni obìnrin náà ń fi ohùn gooro pariwo mọ́ gbogbo wa lórí ní Mina pé ká ti ilẹ̀kùn. "Ti ilẹ̀kùn! Wò ó, wò ó! Ti ilẹ̀kùn!" Ó wọ̀ mí lórí débi pé mo máa ń gbọ́ ọ lójú oorun.

Iṣẹ́ ló gbé mi wá. Kóòdù ni mò ń kọ, ìyẹn àwọn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan ló gbà mí ní Kodjoviakopé, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí àwọn tó ń ṣẹ́ náírà àti sídì jókòó sísàlẹ̀ rẹ̀. Yàrá òtútù ni wọ́n ń tà fún àwọn ẹlẹ́ja àti ẹlẹ́ran. Fóònù ni wọ́n fi ń darí yàrá náà: o tẹ bí o ṣe fẹ́ kó tutù tó, ó sì ń sọ fún ọ bó ṣe tutù tó. Pàtírọ̀n ni gbogbo wa ń pe ọ̀gá wa. Ó ra kóòdù náà lọ́pọ̀ lọ́wọ́ ẹnìkan ní Nàìjíríà, ó fi ojú Faransé bò ó, ó ní òun lòun ṣe é. Nígbà tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í yọnu, kò sí ẹnikẹ́ni tó lè ka inú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi wá Anago.

Pàtírọ̀n yìí, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀. Kóòtù ló ń wọ̀ nínú ooru. Lọ́fínńdà rẹ̀ á ti gun àtẹ̀gùn dé kí òun fúnra rẹ̀ tó dé. Ẹ̀pà ló ń jẹ láti àárọ̀, inú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀ ló sì ń tu èèpo sí, dúrọ́ọ̀ kan náà tó ń kó ìwé àwọn òṣìṣẹ́ sí. Bó bá fẹ́ fún ọ ní ìwé, á kọ́kọ́ gbọn èèpo àti itọ́ dànù lára rẹ̀. Ìka méjì ni mo fi ń gbà á.

Kóòdù náà ló tù mí nínú. Ẹni tó kọ ọ́, mi ò mọ̀ ọ́n, mi ò sì lè mọ̀ ọ́n láéláé, ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá ni. A máa ń kọ ọ̀rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àṣẹ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Kọ̀ǹpútà kì í kà á. Gẹ̀ẹ́sì ni ẹni yìí fi kọ èyí tó pọ̀ jù, àfi ibi tó bá ti rẹ̀ ẹ́. "E jo, e ma fowo kan ibi yii." "Olorun lo mo idi ti eyi fi n sise." Kò fi àmì kankan sórí rẹ̀, kò fi sábẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, omi náà ò sì tètè dá. Ó ti pẹ́ tí ẹnìkan ti bá mi sọ Yorùbá níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí mò ń ṣe gan-an, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Nínú kóòdù, yàrá òtútù kan dà bí ilé kan. Ó ní nǹkan tirẹ̀ nínú: bí a ṣe fẹ́ kó tutù tó, bó ṣe tutù tó gan-an, orúkọ ẹni tó ni ín. A kì í jẹ́ kí gbogbo ayé ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Ẹni méjì la máa ń fi sẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀kan á gba ohun tí o mú wá, á yẹ̀ ẹ́ wò, á tún un ṣe bó bá yẹ, á gbé e wọlé: sẹ́tà nìyẹn. Ìkejì, o bi í pé kí ló wà nínú ilé, á wọlé lọ wò ó, á jáde wá sọ fún ọ: gẹ́tà nìyẹn. Ẹni tó wà níta ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni dúró níbẹ̀. Lójú tirẹ̀, òun ló fọwọ́ ara òun mú nǹkan náà. Ohun tó dáa ni. Àmọ́ kò sí òfin tó ní dandan ni kí gẹ́tà wọlé lọ wo nǹkan kan. Ó lè dúró síbẹ̀ kó máa dá ọ lóhùn láti orí ara rẹ̀.

Ní Faransé, accesseur ni wọ́n ń pe gẹ́tà, mutateur ni wọ́n ń pe sẹ́tà. Èmi ò mọ̀. Gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba tó wà nílé wa ní Totsi, mutation ni wọ́n ń bẹ̀rù, kí wọ́n má lọ dédé gbé àwọn lọ sí ìlú jíjìnnà kan lókè àríwá. Lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Pàtírọ̀n ní òun fi gbogbo mutateur lé mi lọ́wọ́. Mo kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ níwájú rẹ̀, mo ní ẹ dákun, ẹ má gbé mi lọ, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbalé ni. Gbogbo ọ́fíìsì fẹ́rẹ̀ẹ́ kú ẹ̀rín. Látọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Mademoiselle Mutation, orúkọ kejì tí kì í ṣe tèmi.

Ọjọ́ Ìsinmi ni Màámi máa ń pè mí.

"Ṣé dáadáa lo wà?"

"Dáadáa ni, Màámi. A dúpẹ́."

"Ṣé ò ń jẹun?"

"Mò ń jẹun dáadáa."

"Àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, ṣé wọ́n fẹ́ràn rẹ?"

"Wọ́n fẹ́ràn mi gan-an ni. Wọ́n tilẹ̀ fún mi lórúkọ."

"Áà, ẹ ṣé o, Olúwa."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é. Mi ò sọ fún un pé gaàrí ni mò ń mu lálẹ́, kì í ṣe torí pé owó ò sí, torí pé mi ò fẹ́ jáde lọ nàka sí nǹkan. Lẹ́yìn tí mo bá pa fóònù, ẹnu mi á korò. Màmá mi fúnra rẹ̀ máa ń pe àbúrò bàbá mi ní Akọ̀wé, ọkùnrin tí kò jókòó ní kíláàsì rí. Ìyàwó kì í pe ọmọ ilé ọkọ lórúkọ. Ó bá a lọ́mọdé, ó rí i pé ó fi igi há etí bíi pẹ́ńsù, ló bá sọ ọ́ ní Akọ̀wé. Kò sẹ́ni tó pe ìyẹn ní irọ́, torí gbogbo wa la mọ orúkọ tó wà lábẹ́ rẹ̀. "Dáadáa ni" tèmi yìí, èmi nìkan ló mọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ẹni tó kọ́kọ́ ká irọ́ yìí mọ́ mi lẹ́nu ni Dada Abra. Dada ni wọ́n ń pe ìyá níbẹ̀. Ní Baguida ló wà, létí òkun, òun ló ń mú kọ́kọ́rọ́ yàrá òtútù fún ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń ra ẹja lọ́wọ́ àwọn alágbàtà ọkọ̀ ojú omi. Pàtírọ̀n mú mi lọ síbẹ̀ kí n lọ wo ẹ̀rọ. Mo kí ìyá náà ní bonjour. Ó wò mí, ó sọ ohun kan tó wọ̀ mí létí bíi Yorùbá tí wọ́n ń sọ nínú yàrá kejì. Mo ní kó tún un sọ. Ó rọra tún un sọ, ó sì yé mi: ará Atakpamé lòun, Ifẹ̀ ni wọ́n ń pe èdè tiwọn, ṣé ọmọ Anago ni mí? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ó ní báwo ni. Mo ní a dúpẹ́.

"Mi ò bi ọ́ pé kí lo dúpẹ́ fún," ló wí. "Ojú rẹ ti gbẹ. Kí lo jẹ?"

Ó já ẹja yíyan sí méjì, ó fi èyí tó tóbi lé mi lọ́wọ́, ó sì dúró wò mí títí mo fi jẹ ẹ́ tán. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ti ní ẹnìkan fẹ́ lọ sí Baguida, èmi ni màá kọ́kọ́ dìde.

Kọ́kọ́rọ́ náà kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, ó fi okùn dúdú so ó. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé òun ò bá òkun tan. Ìlú tí kò sí òkun lòun ti wá, ọkọ òun ló mú òun wá, ọkọ náà sì kú. Àwọn ará Baguida máa ń pe òun ní ará òkè, títí di ọjọ́ tí wọ́n ń wá ẹni tí kò ní jí ẹja ẹnìkejì rẹ̀. Òun ni wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ fún. Ó fọwọ́ kan okùn náà, ó ní, "Ìgbà yẹn ni mo di ará ibí." Mo jowú rẹ̀, kí n sòótọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, wọ́n pe Pàtírọ̀n láti Baguida. Èmi àti ẹ̀ la jọ lọ. Òórùn kan ló pàdé wa lọ́nà kí a tó rí ẹnikẹ́ni. Ẹ gbà mí! Mo mọ òórùn ẹja. Kì í ṣe òórùn ẹja nìyẹn. Ó wọ ọ̀nà ọ̀fun, ó jókòó síbẹ̀. Omi dúdú ń yọ̀ jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn yàrá òtútù, eṣinṣin bò ó bí aṣọ. Wọ́n ń fi ṣọ́bìrì kó ẹja jáde, ara rẹ̀ ń já. Mo sá lọ sẹ́yìn ọkọ̀, mo bì títí kò fi sí nǹkan kan nínú mi mọ́.

Nígbà tí mo padà, mo rí Dada Abra. Òun nìkan ló dúró lápá kan, gbogbo àwọn yòókù wà lápá kejì, wọ́n fi ìborùn bo imú. Wọ́n ń pariwo mọ́ ọn ní Mina; Pàtírọ̀n túmọ̀ rẹ̀ fún mi pé wọ́n ní ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbàgbé ilẹ̀kùn ní ṣíṣí. Ẹnìkan ní ṣé bí ará òkè ni, kí ló mọ̀ nípa ẹja. Ó ń wí pé òun ti ilẹ̀kùn, òun tì í. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Pàtírọ̀n fi áńkáṣífù bo imú, ó ní ẹ fara balẹ̀, mesdames, ẹ̀rọ ò ní irọ́, ẹ̀rọ á sọ ẹni tó jẹ̀bi fún wa.

A padà sí ọ́fíìsì, mo ṣí inú kóòdù. Kò pẹ́ rárá. Dada Abra fẹ́ kí yàrá náà tutù díẹ̀ sí i ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ló bá tẹ ìwọ̀n ọ̀kan ààbọ̀. Bí gbogbo ẹni tó ka Faransé ṣe ń kọ ọ́ ló ṣe kọ ọ́: ení, kọmá, àrún. Ohun tó wọlé lọ bá ẹ̀rọ ni mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìwọ̀n tí ẹja ń jẹrà nínú rẹ̀. Mo lọ sídìí sẹ́tà. Ẹni wa láti Nàìjíríà ti kọ ọ̀rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: "Koma ko nise kankan nibi, yo o danu." Nílé, kọmá la fi ń ya ẹgbẹ̀rún sọ́tọ̀, àmì kékeré tí a ń pè ní pọ́ìntì la fi ń kọ ààbọ̀. Sẹ́tà rí kọmá, ó yọ ọ́ dànù bí wọ́n ṣe ní kó ṣe, ó lẹ ení mọ́ àrún. Nọ́ńbà odidi ni wọ́n ti ń tẹ̀ tẹ́lẹ̀, àṣírí ò fi tú. Lójú fóònù, ọ̀kan ààbọ̀ ni ìyá náà ń rí, torí ojú Faransé tí Pàtírọ̀n fi bò ó kàn ń dá ohun tí o bá tẹ̀ padà fún ọ ni. Kò bi ẹnikẹ́ni nínú ilé. Àwa ni wọ́n ní ká ṣọ́ ẹja fún wọn, àwa la se é. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú tó fi ata sẹ́nu.

Mo sáré lọ bá Pàtírọ̀n. Inú mi tilẹ̀ dùn, mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ó gbọ́ mi dé ìparí, ó tu èèpo sínú dúrọ́ọ̀.

"O máa tún kọmá yẹn ṣe lónìí," ó wí. "Ní jẹ́jẹ́."

"Mo ti tún un ṣe, Pàtírọ̀n. Ìyá yẹn ńkọ́?"

"Ìyá wo?" Ó tún ju ẹ̀pà sẹ́nu. "Wò ó. Ṣe accesseur kan fún ilẹ̀kùn. Bí inú yàrá bá ti gbóná, kó sọ pé porte ouverte, pé ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀."

Mo rò pé Faransé mi ló tún ṣì mí lọ́nà. "Ṣùgbọ́n kò sí nǹkan kan lára ilẹ̀kùn yẹn tó ń wo ilẹ̀kùn. Ẹ̀rọ ò mọ̀ bóyá ilẹ̀kùn wà níbẹ̀ pàápàá."

"Kí ló máa ń jẹ́ kí inú yàrá òtútù gbóná? Kì í ṣe ilẹ̀kùn? Ce n'est pas un mensonge, c'est un calcul." Ìṣirò ni, ó ní, kì í ṣe irọ́.

Mo dúró síbẹ̀, mò ń wo ètè rẹ̀ tí òróró ẹ̀pà ń dán lórí rẹ̀. Gẹ́tà tí kò ní ilé lẹ́yìn. Ẹnu lásán. Mo ní mi ò lè kọ ọ́. Kò bínú. Ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó mú ìwé kan jáde, ó gbọn èèpo kúrò lára rẹ̀, ó fi hàn mí: ìwé tó yẹ kó fọwọ́ sí kí wọ́n tó fún mi ní carte de séjour, káàdì ìgbélùú mi. Ó dá a padà sínú èèpo, ó ti dúrọ́ọ̀. Ó fa kọ̀ǹpútà mi sọ́dọ̀, ó fi ìka méjì kọ gẹ́tà náà fúnra rẹ̀. Ó tilẹ̀ bi mí bóyá ibi tí àmì tó fi parí àṣẹ náà yẹ kó wà nìyẹn. Ìyẹn ló rí mi lára jù, ìbéèrè yẹn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ẹgbẹ́ náà pe ìpàdé lábẹ́ àtíbàbà tó wà níwájú yàrá òtútù. Wọ́n ti fọ yàrá náà, wọ́n pa ẹ̀rọ tó ń mú un tutù, wọ́n ṣí i sílẹ̀ gbayawu kí oòrùn lè wọ inú rẹ̀. Òórùn náà ò tíì lọ. Pàtírọ̀n gbé fóònù ẹgbẹ́ yípo, ó fi ọjọ́ tí nǹkan bà jẹ́ hàn wọ́n: porte ouverte, porte ouverte, títí ilẹ̀ fi mọ́. Àwọn obìnrin náà ń ṣe "hẹn-ẹn-ẹn". Olórí wọn, ìyá sísanra kan tó ka ìwé díẹ̀, ní kí Dada Abra bọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn. Ọwọ́ ìyá náà lọ síbi okùn, kò bọ́ ọ, ó dì í mú.

Pàtírọ̀n fọwọ́ tọ́ mi. "Bá a sọ̀rọ̀ ní èdè yín. Kó bẹ̀ wọ́n, wọ́n á foríjì í, ká lè máa lọ. Oòrùn ń pa mí."

Irọ́ tirẹ̀, èdè ìyá tèmi ló fẹ́ fi wọ̀ ọ́ láṣọ! Mo kúnlẹ̀ síwájú Dada Abra nínú iyanrìn. Mo rọra sọ ọ́ kó lè yé e. "Màmá, ẹ ò ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀. Ẹ̀rọ ló ṣi ohun tí ẹ tẹ̀ gbọ́. Ọ̀kan ààbọ̀ lẹ tẹ̀, ó gbọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọkùnrin yìí mọ̀. Irọ́ ló ń pa."

Mo rò pé ó máa sunkún, tàbí kó dì mọ́ mi. Ó kàn wò mí bí ìgbà tí mo sọ fún un pé a dúpẹ́.

"Mo mọ̀ pé mo ti ilẹ̀kùn," ló wí. "Ṣé èmi lo wá ń sọ ọ́ fún? Kò sẹ́lòmíì tó gbọ́ èdè wa níbí. Orúkọ mi ò bà jẹ́ lọ́dọ̀ tèmi, lọ́dọ̀ wọn ló ti bà jẹ́. Sọ ọ́ ní Mina."

"Màmá, mi ò gbọ́ Mina."

"Èyí tí o bá gbọ́ níbẹ̀, sọ ọ́."

Mo wo Pàtírọ̀n. Ó ń nu ọrùn, ó ń rẹ́rìn-ín sí olórí ẹgbẹ́. Mo rí ìwé mi nínú èèpo ẹ̀pà. Mo dìde. Gbogbo ohun tí mo ní lẹ́nu nínú èdè wọn ni ewúrẹ́ ìyàwó onílé. Ni mo bá fi ohùn obìnrin náà gan-an, gooro, ké mọ́ wọn: "Ti ilẹ̀kùn!"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé ẹnìkan gbá ẹnìkejì lẹ́yìn. Mo tún ké e. "Wò ó, wò ó! Ti ilẹ̀kùn!" Mo ń nàka sí yàrá òtútù, ojú mi ń gbóná, ẹ̀kọ́ ilé bá afẹ́fẹ́ lọ. Dada Abra ló kọ́kọ́ yé. Ó lọ tì í, ilẹ̀kùn ńlá yẹn, ó dún gbìì. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, ó fi tì í pa, ó tún wọ okùn sọ́rùn. Mo gba fóònù, mo tẹ̀ ẹ́ kó sọ bí ilẹ̀kùn ṣe wà nísinsìnyí, mo gbé e lé olórí ẹgbẹ́ lọ́wọ́. "Wò ó."

Ìyá náà na fóònù síwájú, ó kà á sókè. "Porte ouverte." Ó wo ilẹ̀kùn. Ó tún kà á. Ẹ̀rín ti ń tán lẹ́nu wọn. Obìnrin kan dìde, ó lọ mi àgádágodo náà jìgìjìgì, ó padà wá wo fóònù fúnra rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n kà á ṣì. Oòrùn ti kan yàrá yẹn láti àárọ̀, inú rẹ̀ ń hó, nítorí náà, lójú ìṣirò Pàtírọ̀n, ilẹ̀kùn tí wọ́n tì pa níwájú gbogbo wa ṣí sílẹ̀ gbayawu.

"C'est le réseau," Pàtírọ̀n wí. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni.

Kò sẹ́ni tó wo ibi tó wà. Èmi ni wọ́n kọjú sí. Mo ṣàlàyé kọmá fún wọn ní Faransé tí kò ní ìdí, mo fi ìka kọ ọ́ sínú iyanrìn, mo kọ ení, kọmá, àrún, mo fi àtẹ́lẹsẹ̀ pa kọmá rẹ́. Olórí wọn wo iyanrìn, ó mí kanlẹ̀, ó túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn yòókù. Nígbà tó parí, Pàtírọ̀n ti wà nínú ọkọ̀, ó ti tan án.

Wọ́n wá yíjú sí Dada Abra. Pardon, Dada. Pardon o. Ọ̀kan tilẹ̀ kúnlẹ̀. Ó jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán. Ó bọ́ okùn kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, ó gbé e sórí àpótí yìnyín tó wà láàárín wọn, ó nu ọwọ́ méjèèjì sára ìró rẹ̀ bí ẹni tó fọwọ́ kan nǹkan tó ń rùn. Ó sọ gbólóhùn kúkúrú kan ní Mina, ó wá rí ojú mi, ó tún un sọ ní Ifẹ̀ kí n má baà pàdánù rẹ̀.

"Fóònù lẹ bi. Ẹ ò bi mí."

Ó sì bá tirẹ̀ lọ. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé wọ́n lọ bẹ̀ ẹ́ nílé léraléra. Ó fún wọn lómi mu, ó kí wọn kú àbọ̀, kò gba kọ́kọ́rọ́.

Pàtírọ̀n ò gbé mi padà, zémidjan, ọ̀kadà tiwọn, ni mo gùn lọ sí Totsi. Mo fọ aṣọ tí mo wọ̀, mo tún un fọ̀, òórùn náà kò jáde tán. Mi ò padà sí ọ́fíìsì. Nípa ti ìwé mi, kó jẹ́ kí èèpo ẹ̀pà bò ó. Ìyàwó onílé rí mi níbi tí mo ti ń sá aṣọ, ó ní, "Anago, ça va?" Mo wò ó. Mo ní, "Non." Ó ya ẹnu sílẹ̀, ó sì lọ bá ewúrẹ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Màámi pè.

"Ṣé dáadáa lo wà?"

Ẹnu mi ti fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe máa ń sọ ọ́. Mo gbé e mì.

"Rárá, Màámi. Kò dáa. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi, mi ò ní ìwé, mi ò ní ọ̀rẹ́ kankan níbí, àwọn èèyàn yìí ò tilẹ̀ mọ orúkọ mi."

Mo gbọ́ tí adìyẹ ń ké lẹ́yìn ilé wa. Mo gbọ́ tó gbé fóònù kúrò létí, tó tún gbé e padà.

"Ta nìyẹn?" ìyá mi wí, ẹ̀rù ti wọ ohùn rẹ̀. "Ta ló ń sọ̀rọ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún ọmọ mi ní fóònù rẹ̀."

"Èmi ni, Màámi," mo wí. "Èmi gan-an ni."